Bí Kí-n-wá Ṣe Wọ Ilé Wa

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti ọmọ mi obìnrin gbé kínwá kaná, ìdajì rẹ̀ bá omi lọ sínú ihò síǹkì, ìdajì tó kù sì korò bí ewúro tí a kò fọ̀. Ọjọ́ Sátidé kan ni, nílé wa ní Randburg, ní ìlú Johannesburg. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ takisí dé láti Auckland Park, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ rédíò ní yunifásítì. Ó gbé àpò kékeré kan lé orí tábìlì ìdáná, ó ní, "Dádì, oúnjẹ mi rèé o." Òyìnbó ló fi sọ ọ́, nítorí Òyìnbó ló máa ń fi dá mi lóhùn, bí mo tilẹ̀ fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Mo tú àpò náà wò. Wóró tíntìntín tí àwọn òyìnbó ń pè ní kínwá (quinoa) ló wà níbẹ̀, ó kéré ju ọkà bàbà lọ, ó dà bí ẹyin ẹja tó gbẹ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ló ti sọ fún wa pé òun ò jẹ ẹran mọ́, òun ò jẹ ẹja, òun ò jẹ adìẹ. Ìyàwó mi, ọmọ Súlú láti Soweto, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní yóò sú u. Kò sú u. Nígbà tí a ó fi mọ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ló ń jẹ bíi pé òun ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, àwa náà sì gbà fún un. Èmi tí mo ń tún fíríìjì ṣe káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá, tí mo ń fojú rí òkìtì ẹran dídì lójoojúmọ́, mo tilẹ̀ máa ń rò ó lọ́kàn mi pé ọmọ yìí lè ní ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kínwá yìí ṣàjèjì sí mi.

Asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi makarónì ni mo dà á sí láti fọ̀ ọ́. Ihò asẹ́ náà tóbi. Kínwá rí ọ̀nà, ó gba ibẹ̀ lọ láìdágbére. Nígbà tí a rí i pé ó ń tán lọ, a yára kó èyí tó ṣẹ́ kù nínú àpò sínú ìkòkò láìfọ̀ rárá, a da omi lé e lórí bí ẹni ń se ìrẹsì, a sì ń fi ṣíbí rò ó ṣáá. Ohun tó jáde níkẹyìn dà bí ògì tí iyanrìn wọ̀. Mo bù ú sẹ́nu.

"Báwo ló ṣe rí?" ni ọmọ mi bi mí.

"Ó dà bíi pé mo fi ẹnu fọ abọ́, tí n kò sì ṣan ọṣẹ rẹ̀ kúrò."

Òun náà tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ fún pọ̀, lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ nínú ìdáná. Búrẹ́dì la jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn nígbà tí ìyá mi dé láti Iléṣà.

Ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, kò sì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí kó tó di ọjọ́ náà. Àárín òtútù ló bọ́ sí, nígbà tí gbogbo koríko Johannesburg ti gbẹ tó sì ti pọ́n, tí oòrùn sì ń tàn rekete láìmú ooru kankan wá. Ó wo oòrùn náà láti ojú fèrèsé, ó ní, "Irú oòrùn wo lèyí? Oòrùn àfojúwò." Ó kó irú wá, ó kó èlùbọ́, ó kó ẹ̀gúsí àti ata gbígbẹ. Èdè Ìjẹ̀ṣà lòun àti èmi ń bá ara wa sọ; mo kọ ọ́ síbí ní Yorùbá gbogbo wa kí ó má baà ṣòro fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ tó dé gan-an la ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ara wa gbọ́. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí i, ó yíjú sí ọmọ wa, ó ní kí ó wá dì mọ́ Gogo rẹ̀. Gogo ni àwọn Súlú ń pe ìyá àgbà. Ìyá mi wò mí.

"Gọ̀gọ̀? Èmi ni wọ́n ń pè ní gọ̀gọ̀? Ṣé máńgòrò ni wọ́n fẹ́ fi mí já ni?"

Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ni kí wọ́n máa pe òun. Ó wá di ọmọ náà lójú mú, ó wo imú rẹ̀, ó wo iwájú orí rẹ̀, ó ní ìyá òun gan-an ló padà wá yìí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Yèyé mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá mi jí ní kùtùkùtù, ó din adìẹ. Ó fi ata gígún ra á lára, ó bọ̀ ọ́ dáadáa kí ó tó din ín, gbogbo ilé sì ń ta sánsán. Nígbà tí ọmọ wa dé láti Auckland Park, itan tó tóbi jù lọ ti wà nínú àwo tí wọ́n dé fún un.

"Sọ fún Yèyé mi pé tirẹ̀ nìyí," ni ìyá mi wí.

Ọmọ náà wo àwo, ó wò mí. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò lè jẹ nǹkan tó ní ìyá."

Mo ro bí màá ṣe gbé gbólóhùn yìí wọ èdè Ìjẹ̀ṣà níwájú obìnrin tó ti ń din adìẹ láti ìdájí. Mo ní, "Màmá, ó ní inú òun kún."

"Inú kún? Ta ló fún un lóúnjẹ nínú takisí?"

Ní Sátidé kejì, ẹja ni. Mo ní eyín ń dùn ún. Ní Sátidé kẹta, màmá se ẹran màlúù títí ó fi rọ̀ bí òwú, mo sì ní ọmọ ń gbààwẹ̀.

Ìyá mi na ìka sí ọmọ náà. "Bí ó bá ń gbààwẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo ló ń jẹ yẹn?"

Lóòótọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti dé àárín ẹnu rẹ̀.

Ìyá mi kò bínú lójú wa. Ó gbé àga jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó sínú oòrùn àfojúwò náà, ó fi ọwọ́ lérán. Nígbà tí mo tẹ̀ lé e jáde, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ọmọ mi, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé àjẹ́ ni wọ́n ní èmi ni? Kí ló dé tí ọmọ ọmọ mi kì í jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi láyà. Mo jókòó sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí: pé kò sí inú tó kún, kò sí eyín tó ń dunni, pé ọmọ náà ò jẹ ohunkóhun tó ní ìyá láyé mọ́, ìbáà jẹ́ èmi ni mo sè é.

"Ohun tó ní ìyá," ló wí. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ rọ̀, ó sì mí kanlẹ̀. "Ìyẹn nìkan ni? Ìwọ ọmọ yìí, o kàn fẹ́ fi ìrònú pa mí ni. Kí ló wá ń jẹ?"

"Kínwá ni, Màmá."

"Kí n wá? Kí n wá síbo?"

"Orúkọ oúnjẹ náà nìyẹn."

"Oúnjẹ tó ń pe ènìyàn pé kí n wá, kí n wá!" Ó pàtẹ́wọ́. "Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Níbo lẹ wá fẹ́ kí n gbé kí-n-wá yìí sí?"

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pè é ní orúkọ mìíràn nílé wa. Kí-n-wá ló ń jẹ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ló ya gbogbo wa lẹ́nu. Wọ́n pè mí láàárọ̀ pé fíríìsà ṣọ́ọ̀bù kan ti dákẹ́, ìyàwó mi sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù. Mo ní wákàtí kan ni n ó lò. Ṣùgbọ́n iná ti lọ ní àdúgbò tí mo wà, gbogbo róbọ́ọ̀tì, ìyẹn iná tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó, ti kú, ọkọ̀ sì há mọ́ra ní gbogbo oríta. Mo ń wo aago, mo ń ro ìyá mi tí kò gbọ́ Òyìnbó àti ọmọ mi tí kì í sọ Yorùbá, tí àwọn méjèèjì wà nínú ilé láìsí ògbufọ̀. Mo rò pé n ó bá wọn ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìgbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo rọra rìn débi ọ̀nà ìdáná, mo sì dúró síbẹ̀.

Àwọn méjèèjì ló tẹ̀ síwájú abọ́ omi ńlá kan. Wọ́n ti da kí-n-wá sínú rẹ̀, ìyá mi sì ń fi ọwọ́ méjèèjì pa á lára pọ̀, bí a ṣe máa ń bó ẹ̀wà. Ìfófòó funfun ru bo ojú omi.

"Ó ń hó! Ọṣẹ ni!" ni ìyá mi wí.

"Ọṣẹ," ni ọmọ mi wí tẹ̀ lé e.

"Dà á nù."

Ọmọ mi na aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí ẹnu abọ́ mìíràn, wọ́n sẹ́ ẹ, kò sí wóró kan tó sá lọ. Wọ́n bu omi tuntun sí i. Ó tún hó, ṣùgbọ́n kò tó ti àkọ́kọ́.

"Ó kù," ni ìyá mi wí.

"Ó kù," ni ọmọ mi dáhùn.

Ọmọ náà wá ń gbìyànjú láti sọ ìdí tí oúnjẹ náà fi ń hó. Kò mọ ọ̀rọ̀ tó máa fi sọ ọ́. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì, ó ń fò yípo ìdáná bí ẹyẹ, ó bà, ó ṣa wóró kan jẹ lórí tábìlì, ó fajú ro, ó tutọ́, ó sì fò lọ. Ìyá mi wò ó títí.

"Ẹyẹ!" ló pariwo. "Háà, ó mọ̀ ọ́n ṣe! Ọṣẹ yẹn ni kò jẹ́ kí ẹyẹ jẹ ẹ́ lóko!"

"Ẹyẹ," ni ọmọ mi wí, ó ń mi orí, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó mí dáadáa.

Wọ́n fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́ gaara. Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi na ọwọ́ láti bu omi sínú ìkòkò, ìyá mi sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó da kí-n-wá tútù náà sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná díẹ̀díẹ̀, ó ń yí i kiri bí ìgbà tí wọ́n ń yan àgbàdo tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àádùn. Omi ara rẹ̀ gbẹ. Láìpẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàràpàrà, òórùn kan sì sọ, òórùn bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan lẹ́bàá ọ̀nà lójú ọjọ́ òjò. Ọmọ mi tẹ imú sí i, ó pa ojú dé.

Omi tí wọ́n wá bù sí i kò pọ̀. Ọmọ mi ló wọ̀n ọ́n: ife kí-n-wá kan, omi ife kan àbọ̀ tó fi díẹ̀ lé e. Iyọ̀ fín-ín. Ó gba ṣíbí lọ́wọ́ ìyá mi, ó fi í pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀, ó ń mi ìka pé a kì í rò ó. Ìyá mi ní, "Mo gbọ́, Yèyé mi, mo gbọ́." Nígbà tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, wọ́n jọ ṣí i wò: wóró kọ̀ọ̀kan ti wú, ó ti mọ́ kedere, ó sì ti yọ ìrù funfun kékeré kan, bí irúgbìn tó fẹ́ hù. Wọ́n pa iná, wọ́n dé e padà, wọ́n fi í sílẹ̀ kí ó sinmi.

Mo wọlé wàyí, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé kí n bá yín túmọ̀ nǹkan?"

Ìyá mi kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Lọ jókòó. A ò pè ọ́."

Fọ́ọ̀kì ni wọ́n fi tú u sílẹ̀, ó sì ṣí wóró-wóró, kò sí èyí tó lẹ̀ mọ́ ìkejì rẹ̀. Ìkorò ti lọ pátápátá. Ó ń bẹ́ lábẹ́ eyín díẹ̀díẹ̀ bí a bá ń jẹ ẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń jẹ ẹyin ẹja. Ìyá mi jẹun, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Kò burú. Àmọ́ oúnjẹ yìí ń wá ọbẹ̀."

Ọbẹ̀ náà la wá lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn mo gbé àwọn méjèèjì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, a sì ń rìn lọ níbi tí wọ́n pàtẹ ẹ̀fọ́ sí nígbà tí ìyá mi dúró gbagidi. Ó tọ́ka sí àwọn olú funfun tó wà nínú ike.

"Olú!" ló wí. "Wọ́n ní olú níbí, ẹ sì ń jẹ́ kí n máa da ara mi láàmú nítorí adìẹ?"

Ó wá ń sọ fún wa lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ bí òun àti ìyá òun ṣe máa ń jáde lẹ́yìn òjò lóko bàbá òun, tí olú ọ̀gán máa ń yọ lẹ́yìn ògiri ilé ikán, èyí tó tóbi jù á fẹ̀ tó àwo. Ìyá òun á fi irú sè é, gbogbo ilé á jẹun, kò sí ọmọ kankan tó jẹ́ béèrè ẹran. Mo ń túmọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ mi gbọ́ ọ tán, ó ronú, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ tò ó pọ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ìkejì: "Màmá Àgbà, ṣé olú ní ìyá?"

Ìyá mi di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Kò rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Yèyé mi. Ilẹ̀ sì ti gbà pé kí a jẹ ẹ́."

Ó ku oúnjẹ tí a ó se fún àlejò. Bàbá ìyàwó mi ránṣẹ́ láti Soweto pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti wá kí àna òun tó ti òkèèrè wá. Àgbà ọkùnrin ni, ó ga, ó máa ń dé fìlà ní gbogbo ìgbà, kì í sì í ka oúnjẹ tí kò lẹ́ran sí oúnjẹ. Páàpù, ìyẹn àgbàdo rírò funfun wọn, àti ẹran sísun, ìyẹn ni ó mọ̀. Ìyàwó mi fẹ́ lọ ra ẹran. Ìyá mi kọ̀.

"Èmi ni wọ́n ń bọ̀ wá kí. Èmi àti Yèyé mi la ó se oúnjẹ."

Ìyàwó mi fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Bàbá mi á rò pé ìyà ti ń jẹ wá," ló wí.

"Lọ sọ fún Màmá," ni mo dáhùn. Kò lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni wọ́n wọ ìdáná. Ìyá mi gbé epo pupa kaná títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí díẹ̀, ó da àlùbọ́sà sí i, ó da ata tí wọn ò lọ̀ kúnná sí i, ó fi irú sí i. Òórùn irú náà jáde lọ bá àwọn ará ilé kejì. Olú ló kẹ́yìn, tí ọmọ mi ti gé tóbitóbi. Olú náà fún omi ara rẹ̀ sínú ọbẹ̀, ó sì mu ata padà. Ọbẹ̀ jinná, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wá gbé ìkòkò kí-n-wá ńlá lé iná, èyí tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ti yan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tó ń hó tí iná fi lọ.

Ẹ̀rọ ìdáná wa, iná ìlú ló ń lò. Gáàsì kékeré tí a ń lò nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ti tán, kò sì sẹ́ni tó rántí rọ ọ́. Mo dúró, mo ń wo ìkòkò. Omi ṣì wà lójú rẹ̀, wóró kò tíì wú. Ìgbà yẹn gan-an ni fèrè ọkọ̀ dún lẹ́nu géètì. Géètì náà, iná ló ń ṣí i. Ọwọ́ ni mo fi tì í kí àna mi tó lè wọlé.

"Iná ìlú òyìnbó náà máa ń lọ?" ni ìyá mi bi mí nígbà tí mo padà dé. Inú rẹ̀ dùn sí i díẹ̀, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ti wọ yàrá, ó sì ti gbé kíjìpá rẹ̀ jáde, aṣọ òfì nínípọn tó gbé wá nítorí òtútù. Ó fi tẹ ìdérí mọ́ ìkòkò, ó wé e yíká, ó so ó, ó tún fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e lórí ìyẹn.

"Bí a ṣe ń bo irú nìyí," ló wí. "Ooru tó wà nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ rí ọ̀nà jáde. Gbé e síbi tí kò tutù."

Ibi tí kò tutù nínú ilé wa ni orí àga ìjókòó lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí oòrùn ń wọlé sí. Ọmọ mi gbé ìkòkò náà síbẹ̀, ó fi ìrọ̀rí tì í lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Nígbà tí bàbá ìyàwó mi wọlé, tó ti kí ìyá mi, tí ìyá mi sì ti kí i, àga tó kọjú sí ìkòkò ló jókòó sí. Ó wo ohun tí wọ́n dì náà. Ó tún wò ó.

"Ta ni èyí tí ẹ faṣọ bò?" ló fi èdè Súlú bi ọmọ rẹ̀. "Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

Ìyàwó mi tẹ ọwọ́ mọ́ ẹnu, ẹ̀rín bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún un pé oúnjẹ rẹ̀ ni, bàbá náà dìde, ó lọ fi àtẹ́lẹwọ́ kan búláńkẹ́ẹ̀tì náà. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, ìyá òun a máa se ẹ̀wà díẹ̀ lórí iná èédú kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, á gbé ìkòkò náà sínú àpótí tó kún fún koríko gbígbẹ, á fi búláńkẹ́ẹ̀tì dé e. Tí àwọn bá fi máa ti iléèwé dé, ẹ̀wà ti jinná, ó ṣì ń jó ènìyàn lọ́wọ́. Ó ní òun kò rí ìkòkò nínú búláńkẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí ìyá òun ti lọ.

Mo ṣí ẹnu láti túmọ̀. Ọmọ mi ti ń sọ ọ́. Láti Súlú ló ti gbé e lọ tààrà sí Yorùbá, Yorùbá tó ń tàsé, tó ń fi ọwọ́ ran ara rẹ̀ lọ́wọ́: "Màmá Àgbà, bàbá… ìyá bàbá… ìkòkò, báyìí. Koríko. Ó bò ó. Ẹ̀wà jinná." Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kọjú sí àna rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrántí ìyá o," ọmọ mi sì gbé ìyẹn náà padà sí Súlú. Mo jókòó. Ìyàwó mi fi ẹsẹ̀ kan mi lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, a wo ara wa. Láti ogún ọdún tí a ti ń tọ́ ọmọ yìí, a ò gbọ́ èdè méjèèjì lẹ́nu rẹ̀ pọ̀ rí.

Nígbà tí ìyá mi tú kíjìpá, ooru rú lu òrùlé. Gbogbo wa la bẹ ojú wo inú ìkòkò. Kí-n-wá náà ti wú dé ẹnu, ó fúyẹ́, ó gbẹ, ìrù funfun rẹ̀ ti yọ lára wóró kọ̀ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ kò jóná nítorí kò síná tó máa jó o. Kò tíì dára tó bẹ́ẹ̀ rí lórí iná, kò sì tún dára tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀ àfi bí a bá wé e.

Bàbá ìyàwó mi bu ọbẹ̀ lé tirẹ̀. Ó fi ṣíbí wá inú ọbẹ̀ kiri, ó rí olú ńlá kan, ó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrònú. "Ẹran kí lèyí? Ó rọ̀."

"Ẹ jẹun ná, Bàbá," ni ìyàwó mi wí, kò gbé ojú sókè.

Ó jẹun. Ó ní kí wọ́n bù sí i. Ata ń ta á lẹ́nu, ó ń fi aṣọ ìnujú nu iwájú orí, ó sì ní kí wọ́n tún bù sí i. Nígbà tó gbé àwo sílẹ̀ ni ọmọ mi sọ fún un pé kò sí ẹran kankan nínú ohun tó jẹ, olú ni.

Bàbá náà wo àwo òfìfo. "Eish," ló wí, háà tiwọn nìyẹn. Ó wo ìyá mi, tí ó jókòó bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ló bọ́ fìlà rẹ̀, mi ò rí i kí ó bọ́ ọ nínú ilé wa rí, ó tẹrí ba fún ìyá mi, ó sì bú sẹ́rìn-ín tó mi ife lórí tábìlì. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sin màlúù ni òun ti wá, kí wọ́n jọ̀ọ́ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Soweto. Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀. Ìyá mi ní, "Sọ fún wọn pé mi ò mọ ẹnikẹ́ni ní Soweto. Àṣírí wọn bò."

Iná ti padà dé, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé. Ìgbà tí rédíò inú ìdáná ń sọ̀rọ̀ nìkan la tó mọ̀.

Àpò kí-n-wá mélòó kan ni ìyá mi dì sínú ẹrù rẹ̀ nígbà tó ń padà sílé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pè wá láti Iléṣà. Ó ní òun sè é fún àwọn ìyá ẹgbẹ́ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun fọ̀ ọ́, òun yan án, òun wé e láṣọ, òun fi olú àti irú sè é lọ́bẹ̀, gbogbo wọn sì jẹ ẹ́ tán pátápátá, wọ́n yin òun.

"Inú yín á dùn nìyẹn, Màmá," ni mo wí.

"Inú mi dùn. Wọ́n fọwọ́, wọ́n dúpẹ́, wọn ò sì dìde. Mo ní kí lẹ ń dúró dè? Wọ́n ní iyán ni."

Ẹ̀rín pa á débi pé kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Mo gbọ́ ọ bí ó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ láìpa á, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ lókèèrè, tó ń pe ẹnìkan pé kó wá bá òun gbé odó.